Úrádì Tó Gbẹ́ Ejò Mọ́ Ẹja

Ní ayé ìgbà tí àwọn ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Píìtì ń gbé àríwá ilẹ̀ tí à ń pè ní Sikọ́tílándì lónìí, ogun gba ojú òkun wọ àfonífojì kan láàárín wọn. Ogójì ọkọ̀ ni àwọn ọ̀tá gbé wọ odò, wọ́n sì ń sun abúlé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń sun àgbàdo. Ìdílé Ẹja ló wà létí odò, wọn kò sì pé igba. Ìdílé Ejò wà lẹ́yìn òkè, jagunjagun kún inú wọn, ṣùgbọ́n nítorí ìjà àtijọ́, wọ́n ti búra pé àwọn kò ní gbé ọ̀kọ̀ nítorí Ẹja láéláé.

Ọmọ Ẹja ni Úrádì, kúkúrú bìlísì tí àpáta ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ọ̀gá nínú òkúta gbígbẹ́. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tí wọ́n ń gbẹ́ sára òkúta ààlà wọn. Èèwọ̀ ni kí ènìyàn gbẹ́ àmì ìdílé mìíràn. Gígé ni wọ́n ń gé ọwọ́ ẹni tó bá dán an wò. Nígbà tó ku ọ̀la kí ọ̀tá dé ibi tí odò kò ti jìn, Úrádì mú irin àti òòlù, ó gbẹ́ ẹja sára òkúta ibẹ̀, ó sì gbẹ́ ejò tì í.

Étínì aya rẹ̀ figbe ta. "Baálé mi, ọwọ́ yìí la fi ń jẹun o!"

"Bí mo bá bẹ̀ wọ́n, wọn kò ní wá," ni Úrádì wí. "Bí mo bá fọwọ́ kan ejò wọn, ta ni yóò jókòó sílé? Lọ sọ fún wọn pé èmi ni mo gbẹ́ ẹ, mo sì wà níbí."

Étínì lọ jẹ́ iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí. Ìdílé Ejò tú jáde tìbínú-tìbínú láti wá gé ọwọ́ ọkùnrin yìí. Ibi tí wọ́n máa yọ sí, ọ̀tá ti kún inú odò, Úrádì àti àwọn ará rẹ̀ ń dá wọn lọ́nà. Ọ̀tá kò béèrè ta ni Ẹja, ta ni Ejò; gbogbo wọn ni wọ́n dojú ọ̀kọ̀ kọ. Ni ìdílé méjèèjì bá jùmọ̀ jà, nígbà tí oòrùn yóò sì fi wọ̀, ọkọ̀ mẹ́ta péré ló rí ọ̀nà padà sókun.

Ìjà parí, òfin kò parí. Úrádì na ọwọ́ ọ̀tún sórí òkúta níwájú Tálọ́kì, olórí Ejò. "Bàbá, ẹ gbà á. Mo mọ ohun tí mo ṣe." Bí mo bá rántí ọwọ́ náà, orí mi a máa wú. Tálọ́kì wò ó títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gba irin tí Úrádì fi gbẹ́ òkúta, ó gbẹ́ ìpẹ́ kan sára ẹja, ó sì na ọwọ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi náà ti gbẹ́ àmì tí kì í ṣe tèmi. Ẹni tí yóò bá gé ọwọ́, kó ti orí tèmi bẹ̀rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó gé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, méjì-méjì ni wọ́n ń gbẹ́ àmì sára òkúta ní àfonífojì náà: ọmọ Ẹja ní í gbẹ́ ejò, ọmọ Ejò ní í gbẹ́ ẹja.