Àgbò Ìdána

Oyèníran, jókòó. O ní ìyàwó rẹ kì í bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́, o sì fẹ́ kí n pè é kí n bá a wí. Mo ti gbọ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹnìkan ṣe àkàwé fún ọ.

Ọkùnrin kan wà, àgbẹ̀ tó tẹpá mọ́ṣẹ́ ni. Etí rẹ̀ nìkan ni àléébù rẹ̀. Ohun tó bá gba etí ọ̀tún wọlé, tòsì ló ń gbà jáde. Ó rí ọmọbìnrin kan ní ìlú kejì, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn dénú. Nígbà tí ìdána ku díẹ̀, ọmọbìnrin náà wí fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ilé wa kì í jẹ àgbò. Èèwọ̀ wa ni. Òbúkọ ni kí ẹ mú wá."

Ọkùnrin náà ní, "Hẹn-ẹn, mo ti gbọ́." Iṣu tó fẹ́ wà lọ́jọ́ kejì ló ń rò.

Ọjọ́ ìdána pé. Kí ni ọ̀gbẹ́ni fà lọ́wọ́ wọ ilé àna? Àgbò! Àgbò tó sanra, tó ń ké láàárín àgbàlá. Ó tún ń wo ojú àwọn àna bóyá wọ́n á yìn ín. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún nínú yàrá. Àwọn ẹbí ọkọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé àwọn á pààrọ̀ rẹ̀.

Bàbá ìyàwó ní, "Ẹ dìde. Àgbò á jáde, a ó gbálẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n ìwọ, ṣé ọmọ mi kò sọ fún ọ ni?"

"Ó sọ fún mi, Bàbá. Mo gbàgbé ni."

"Háà. Ọmọ yìí á máa bá ọ sọ̀rọ̀ títí irun orí rẹ̀ á fi funfun. Ta ni yóò máa gbọ́ tirẹ̀? Ẹ máa lọ ilé ná."

Ó dun ọkùnrin náà wọra. Kò lè jẹun. Nígbà tó yá, ó fa òbúkọ, ó padà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ jókòó sí. Ó ní kó tún gbogbo ohun tó ti bá òun sọ rí sọ. Lẹ́yìn náà ló wá dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá ìyàwó.

Ó ní, "Bàbá, ó ní ìyá òun kò ríran dáadáa mọ́, òun fẹ́ máa wá wò ó lọ́jọ́ ọjà. Ó ní ẹ̀rù ààrá máa ń ba òun, kí n má fi òun nìkan sílẹ̀ bí òjò bá ṣú."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ gba òbúkọ lọ́wọ́ àna mi."

Títí dòní, bí ìyàwó rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, á tún un sọ: "O ní kí n ra iyọ̀ bọ̀." Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ilé rẹ̀ sì tòrò.

Oyèníran, ìyàwó rẹ kò yadi. Ó ti sú u láti máa bá ògiri sọ̀rọ̀ ni. Kí n tó pè é, dá mi lóhùn: kí ni ọ̀rọ̀ tó bá ọ sọ gbẹ̀yìn?

Ò ń họ orí. Má wò mí, mi ò sí níbẹ̀. Dìde, lọ sílé, lọ bi í. Bó bá sì sọ ọ́, tún un sọ, kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.