Òkété àti Ọtí Ìrọ̀lẹ́ Ìyá Àwẹ̀ró

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi rìn, rìn, rìn, ó yà sí agboolé Bàbá Àgbọ̀nrín, ó lọ jókòó ti Òkété. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà, ibi tí mo bá ti gbàgbé, ẹ rán mi létí.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ń gbé inú agboolé bíi tiwa, Bàbá Àgbọ̀nrín bí ọmọbìnrin kan, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró ti kú. Ohun méjì ló fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀: agbè ògógóró kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè, àti bí wọ́n ṣe ń po ọtí ìrọ̀lẹ́.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Láti àárọ̀ ni ìyá náà ti máa ń rẹ èèpo igi awópa sínú omi àmù, títí omi á fi korò, tí á sì tutù. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, á wọn ògógóró èèpo àgbọn kan, á bu omi kíkorò èèpo àgbọn mẹ́ta lé e. Á kán oyin sí i. Lẹ́yìn náà ni á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ìdajì, kì í ṣe odindi. Bí ẹlòmíràn bá fún odindi, ìyá á ti mọ̀ bó bá ṣe fẹnu kàn án. Á ní, "Ta ló fọwọ́ kan ọtí mi?"

Ọtí yìí ni Bàbá fi ń lé ibà. Ṣùgbọ́n kí ó tó mu ún, wọ́n á kọ́kọ́ ta ẹ̀kán kan sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ. Nígbà tí ìyá kú, ẹsẹ̀ ògiri tó máa ń jókòó tì ni Àwẹ̀ró ń ta á sí.

Òkété, aládùúgbò wọn, gbọ́ òórùn ọtí náà. Ó fẹ́ mu, kò sì fẹ́ tọrọ. Ó gbẹ́ ihò láti ẹ̀yìnkùlé títí ó fi dé abẹ́ ẹsẹ̀ ògiri yẹn. Ó gbé igbá síbẹ̀. Ẹ̀kán kan péré ló bọ́ sínú rẹ̀.

Òkété ní, "Ẹ̀kán kan! Ṣé eṣinṣin ni mí ni?"

Ní ọjọ́ kejì, ó fún ọ̀fun rẹ̀ pọ̀, ó sọ ohùn di tínrín.

"Àwẹ̀ró, ọmọ mi."

Igbá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. "Ìyá mi?"

"Èmi ni. Òǹgbẹ ń gbẹ wá níbí. A pọ̀. Ẹ̀kán kan kò kárí."

Ta ni yóò gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ tí kò ní bu ọtí? Lọ́jọ́ yẹn, Àwẹ̀ró da ìdajì igbá sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó dà á tán. Ọyẹ́ dé, ibà ń gbọn Bàbá bí ewé, omi kíkorò nìkan ló kù fún un.

Bàbá ní, "Máa fún ìyá rẹ. Èmi ti mu tèmi sẹ́yìn."

Lálẹ́, Àwẹ̀ró á gbé agbè náà mì létí. Ìró rẹ̀ ń fúyẹ́ sí i. Ó mọ̀ pé bí agbè yẹn bá ti tán, ọwọ́ ìyá òun tán láyé nìyẹn.

Nígbà tó yá, èèpo awópa tán. Ọyẹ́ kò jẹ́ kí ọsàn wẹ́wẹ́ so. Àwẹ̀ró ronú. Kí ló korò? Orógbó. Ó fọ́ mẹ́ta, ó rẹ wọ́n. Kí ló kan? Àgbálùmọ̀. Ó fún ìdajì ọ̀kan sí i. Ó tọ́ ọ wò. Òun kọ́. Ojú tì í. Ó bu díẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ògiri, ó tú u sílẹ̀, ó fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀.

Ohùn ti dáhùn. "Áà, Àwẹ̀ró! Bí mo ṣe máa ń pò ó gan-an nìyí. Ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn ṣe rẹ́gí. Bù sí i."

Àwẹ̀ró gbé igbá rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó rìn lọ bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ikú máa ń ba ahọ́n jẹ́ ni?"

Ó ròyìn fún un. Bàbá gbé orí sókè lórí ẹní.

"Ó yìn ọ́?"

"Ó yìn mí."

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá ìyá rẹ gbé, kò yin ọtí tí ẹlòmíràn pò rí. Lọ wá àgbálùmọ̀ wá. Èyí tí kò tíì pọ́n dáadáa, tí oje rẹ̀ pọ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró fún agbọ̀n àgbálùmọ̀ kan sínú igbá. Ògógóró tó wà níbẹ̀ kò ju òórùn lọ. Ó da gbogbo rẹ̀ sẹ́sẹ̀ ògiri. Òkété gbé e mu lẹ́ẹ̀kan. Oje lẹ eyín mọ́ eyín, ó lẹ ètè mọ́ igbá.

"Ìyá mi, ṣé ó dùn?"

"Mm."

"Ṣé kí n bù sí i?"

"Mm-mm!"

Bàbá gbé ọkọ́, ó ń gbọ̀n, ó ń gbẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kan Òkété, igbá lẹ́nu.

Bàbá wò ó títí. "Ìyàwó mi, ìgbà wo lo hu irùngbọ̀n?"

Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Òkété fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí ihò náà, igbá lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó di ìgbà tí gbogbo ayé bá sùn kí ó tó jáde.

Àwẹ̀ró wá da ìyókù agbè sínú igbá. Omi orógbó mẹ́ta. Oyin. Àgbálùmọ̀, ìdajì. Ó ta ẹ̀kán kan sẹ́sẹ̀ ògiri. Ilẹ̀ mu ún, ilẹ̀ kò sọ nǹkan kan.

Bàbá fẹnu kàn án. Ó fi í sẹ́nu pẹ́.

"Ìyá rẹ ì bá bá ọ jà lórí èyí," ni ó wí. Ó na igbá padà sí i. "Bù sí i."

Ní ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró gbé ìkòkò kaná, ó bẹ̀rẹ̀ sí se ògógóró tirẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ òkú jẹun, kó kọ́kọ́ mọ ohun tí òkú náà kì í jẹ. Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí ìyá yín ṣì wà, ẹ bi í bóyá ìdajì ọsàn ni tàbí odindi. Bí mo bá parọ́, kí orógbó má korò lẹ́nu mi lọ́la.