Àgbà Tó Wà Nídìí Oúnjẹ

Ní ọ̀sán kan, Ayéwùmí ń ya àwòrán bàbá arúgbó kan tó ń jẹ iyán, Ìbídùnní ìyàwó Ayéwùmí sì ń já ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí Ayéwùmí kú. Àwòrán yẹn ló yà kẹ́yìn, ó sì wà lára ògiri ilé oúnjẹ tí opó rẹ̀ ti ń dáná, nínú ilé àwòrán Olóyè Akínṣọlá l'Óṣogbo. Lọ́jọ́ kan, Olóyè jókòó ti iyán níbẹ̀ láàárín àwọn àlejò, ó ní, "Ìbídùnní, tẹlifíṣàn ni mo fẹ́ gbé kọ́ síbẹ̀ yẹn. Kí n tó jẹun tán, wá ìdí kan tí àwòrán yìí kò fi ní lọ sí yàrá ẹrù, má sì fi ẹkún bẹ̀ mí o." Ìbídùnní kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá inú àwòrán ní ẹ kú ìjókòó, sà." Olóyè rẹ́rìn-ín, ó na òkèlè sókè bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe, ó ní, "Bàbá, ẹ wá bá mi jẹ o!" Kíá ni Ìbídùnní gbé omi ìṣanwọ́ sábẹ́ àwòrán. Nígbà tí Olóyè jẹun tán, ó ké sí káfíńtà. "Ẹ ṣe sùúrù, sà," ni Ìbídùnní wí, "a kì í gbé àgbà kúrò nídìí oúnjẹ. Ẹ̀yin lẹ pè é, ẹ sì wo òkèlè lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì dé ẹnu." Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. "Olóyè, ẹ ti pe àlejò, ẹ tún fẹ́ lé e?" Olóyè tẹjú mọ́ àwòrán náà. "Ìgbà wo ló máa wá jẹun tán?" "Ẹni tó yà á nìkan ló mọ̀, sà." Olóyè ní kí káfíńtà máa lọ. Bàbá arúgbó ṣì wà lára ògiri, ó ń jẹ iyán.