Ìdí Tí Tìróò Kò Fi Gbẹ Lójú Ẹtu

Ẹ sún mọ́bí. Ẹni tó bá tún fi ìgúnpá gún ẹnìkejì rẹ̀, màá kàn dákẹ́ ni, kí oníkálukú máa lọ sílé bàbá rẹ̀.

Nígbà láéláé, nígbà tí ojú Ẹtu ṣì mọ́ tónítóní láìsí ìlà kankan, àwọn ẹranko kéékèèké ló ni ọ̀sán. Ẹkùn ò lè fara da oòrùn ọ̀sán. Bí oòrùn bá ti dé àtàrí, ojú rẹ̀ á pa dé, á wọ inú ihò àpáta lọ, á dùbúlẹ̀. Ìgbà yẹn ni Ẹtu, Ehoro, Ọ̀yà àti àwọn yòókù máa ń sáré lọ mu omi lódò. Bí wọ́n bá pàdánù ọ̀sán, òùngbẹ ni yóò pa wọ́n.

Àmọ́ oòrùn ọ̀hún ò mọ Ẹkùn nìkan. Ojú Ẹtu máa ń pọ́n, omi á máa dà lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó sáré kọlu igi, díẹ̀ ló kù kó já sódò. Wọ́n ní kó wá tìróò lé.

Ó wá a títí ó fi sú u. Tìróò olókùúta tí Àgbìgbò ń tà, agbọ̀n èso kan gbáko ló ń gbà. Ta ló ní in? Ó lọ èédú, ó fi omi pò ó. Kò tíì dé odò tí òógùn fi wọ́ ọ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èyí tí Alángbá bá a pò wá ta á lójú bí ata.

Ìgbà tó yá ló dé ọ̀dọ̀ Ìyá Òkété. Ìyá Òkété máa ń dáná sí èèpo ekùrọ́, á da àpáàdì dé e, á ha dúdú tó bá dì mọ́ ọn, á wá fi àdín pò ó nínú ìkarahun ìgbín. Kò le, kò sì ṣàn. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Èso ìyeyè kan ṣoṣo ló ń gbà lórí ẹ̀.

Ẹtu lé e láàárọ̀. Ó sáré, ó làágùn, ó bọ́jú lódò, ó tún wo ara rẹ̀ nínú omi. Tìróò wà ńbẹ̀ digbí! Oòrùn ò sì dí i lójú mọ́.

"Yéè! Èyí ni mo ti ń wá látọjọ́ yìí!"

"Gbọ́ o," Ìyá Òkété wí. "Bí Ẹkùn bá fi lè mọ̀ pé tìróò yìí ń gba ojú lọ́wọ́ oòrùn, òun náà á lé e, á máa ṣọdẹ lọ́sàn-án, ó parí fún gbogbo wa nìyẹn. Pa ẹnu rẹ mọ́."

"Mo ti gbọ́, ìyá."

Láràárọ̀ ló ń lé e, àwọn yòókù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Bó bá ti lé e tán, á yọ́ lọ sódò lọ wo ara rẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Kí lẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́? Ṣé ẹ̀yin náà kì í wo dígí ni?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wà nínú igbó ẹ̀wọ̀n, níbi tí ẹ̀gún ò ti lè jẹ́ kí Ẹkùn wọlé. Ẹkùn dé, ó jókòó síta, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹtu, ojú ẹ mà dára o! Nínú gbogbo igbó yìí, mi ò rí irú ẹ̀ rí."

Orí Ẹtu wú. "Ẹ ṣé o, Bàbá Ẹkùn. Kì í ṣe ti ẹwà nìkan o. Oòrùn ọ̀sán gan-an ò rí mi gbé ṣe mọ́!"

Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ẹkùn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó na imú síwájú.

"Òórùn àdín nìyẹn," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ta ló ń kó ekùrọ́ jọ nínú igbó yìí?" Ó dìde, ó ń lọ.

Ẹtu fò dìde. Ó gba ẹ̀yìn igbó, ó sáré dé ilé Ìyá Òkété kí Ẹkùn tó dé.

"Ìyá, mo ti sọ̀rọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, mo ti sọ̀rọ̀!"

Ìyá Òkété wò ó. Kò bú u. Ó ti ìkarahun tìróò kan ṣoṣo tó kù bọ̀ ọ́ lẹ́nu. "Gbé e sá. Bó bá lé ọ bá, kó má ṣe bá nǹkan kan nínú ẹ̀." Òun fúnra rẹ̀ wọ ihò lọ.

Kò pẹ́ tí Ẹkùn fi dé. Ó fọ́ àpáàdì, ó da àdín nù, ó tú gbogbo ekùrọ́ ká. Kò rí tìróò. Ó fi imú tọ ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé Ẹtu.

Ẹtu sáré. Ibi yòówù kó yà sí, òórùn àdín ń tú u fó. Bó bá ju ìkarahun náà nù, Ẹkùn á rí i. Bó bá rì í mọ́lẹ̀, Ẹkùn á hú u. Oòrùn ò sì tíì dé àtàrí! Ó forí la ẹ̀wọ̀n kọjá, ẹ̀gún ya ojú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, nísàlẹ̀ ẹyinjú gan-an. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Àfi bí ọ̀nà ṣe pin síwájú àpáta.

Ẹkùn ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹtu gbá ìkarahun mọ́ òkúta, ó fọ́. Ó tẹ ojú mọ́ tìróò náà, ó ń yí i títí gbogbo rẹ̀ fi wọ inú ọgbẹ́ méjèèjì. Ó ta á dé egungun. Kò ké.

Ẹkùn fò mọ́ ìkarahun, ó lá a. Òfìfo ni.

"Níbo ló wà?" Ó gbójú sókè láti wo Ẹtu, oòrùn ọ̀sán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àtàrí ló sì wọ̀ ọ́ lójú. Ojú rẹ̀ pa dé. Ó na èékánná, afẹ́fẹ́ ló gbá mú. Ẹtu gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Lódò, gbogbo àwọn ẹranko kéékèèké ti pé jọ, kò sí tìróò lójú ẹnì kankan.

"Mi ò ní àpáàdì mọ́, mi ò ní àdín," Ìyá Òkété wí. "Ẹnu ẹ ló ba iṣẹ́ mi jẹ́, Ẹtu."

Ojú ti Ẹtu gidigidi. Ọgbẹ́ náà ń yún un, ó bá fi ojú nu ara ẹ̀ka igi kékeré kan. Dúdú tútù yọ, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka náà. Ó nù ún lẹ́ẹ̀kejì, ó tún yọ. Kò tán.

Ehoro mú díẹ̀, ó lé e. Ọ̀yà náà mú díẹ̀. Ìyá Òkété ló fọwọ́ kan ẹ̀ka náà gbẹ̀yìn. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó lé e sójú ọ̀tún, ó lé e sí tòsì. Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Ó kàn jókòó tì í, ó ń mu omi.

Láti ọjọ́ náà ni ìlà dúdú tútù ti wà nísàlẹ̀ ojú Ẹtu, kò sì gbẹ rí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ káàkiri igbó, tó ń fi ojú nu ẹ̀ka kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹni tó bá ń lọ sódò lọ́sàn-án lè rí tìróò lé. Kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, kì í sì í dúró bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bó bá ti nù ún tán, á kọjá lọ wẹ́rẹ́.