Bí Lu Heng Ṣe Tẹ Huishui Dó

Ẹ̀yin ọmọ Huishui, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá sọ fún yín pé idà ni wọ́n fi tẹ ìlú yìí dó, irọ́ ló pa.

Nígbà tí ìjọba Tang ń wó nílẹ̀ Ṣáínà, tí wọ́n ti sun olú-ìlú, tí olúkúlùkù ọ̀gágun ń gé ilẹ̀ bù fún ara rẹ̀, Lu Heng kó ọmọ ogun láti àríwá wá sí gúúsù. Lu Heng, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ajagun-má-wẹ̀yìn! Arúgbó tó ń tọ́jú ojúbọ orí òkè ti sọ fún un pé: "Ibi tí wọ́n bá ti bú ọ tí o kò rí èsì fọ̀, má kọjá ibẹ̀."

Wọ́n dé etí odò wa. Jéró ni wọ́n ń gbìn nílé wọn. Wọn kò rí oko ìrẹsì rí. Wọ́n rí ewé tútù nínú omi, wọ́n ní àgbàrá ti ba oko àwọn tálákà jẹ́. Àánú ṣe wọ́n. Ni wọ́n bá wó ògiri amọ̀ tó dá omi dúró, omi ṣàn lọ sódò, wọ́n wá ń retí ọpẹ́. Ọpẹ́ kẹ̀!

Opó kan tó ń jẹ́ Shen já lu Lu Heng níwájú àgọ́ rẹ̀.

"Ìwọ onírùngbọ̀n yìí, ṣé ojú lo fi ń ríran àbí ihò imú? Oúnjẹ ọdún kan lo dà sódò yẹn!"

"Màmá, ẹ má bínú, a rò pé àgbàrá ni."

"Ẹ rò! Ẹ ò lè la ẹnu bi wá?"

Igbákejì Lu Heng fa idà yọ. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ìlú ọlọ́rọ̀ ṣì wà níwájú. Tí a bá pẹ́, ẹlòmíì á gbà á."

Lu Heng wá èsì tí yóò fún Shen tì, ó sì rántí ọ̀rọ̀ arúgbó orí òkè. Ó mọ̀ pé bí òun bá lọ, ìrẹsì á gbẹ, ebi á sì pa abúlé náà run. Ó bọ́ bàtà, ó wọnú ẹrẹ̀. Igbákejì kó àwọn tirẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó kù ń fi àṣíborí pọn omi padà látinú odò, wọ́n ń mọ ògiri, Shen sì dúró tì wọ́n.

"Tẹ̀ ẹ́ le! Ṣé ijó ni mo ní kó o jó?"

Ìdajì ìrẹsì kú, ìdajì yè. Wọ́n jọ fara da ebi ọdún náà. Àwọn abúlé tí ogun ń lé gbọ́ pé ọ̀gágun kan wà tí kì í kó ọkà olóko, wọ́n ń wọ́ tọ̀ ọ́ wá, títí ó fi di ọba gbogbo agbègbè odò yìí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ìlú ní Huishui, omi-tó-padà.

Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ pàṣẹ lórí ilẹ̀ wa, ìjòyè ni o, ọba ni o, yóò bọ́ bàtà létí oko, yóò sì bi obìnrin tó bá bá níbẹ̀ pé, "Màmá, kí lẹ gbìn síbẹ̀?" Èyí tó bá dé tòun ti bàtà, a kì í gbójú sókè wò ó. Iṣẹ́ wa la máa ń ṣe lọ.