Òkété àti Ẹja Ẹ̀yìnkùlé Pẹ́pẹ́yẹ

“Àlọ́ o!”

“Àlọ̀!”

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ọyẹ́ ti gbé ohùn yín mì ni? Ẹ sún mọ́ iná, kí ẹ dáhùn bí ọmọ tó jẹun alẹ́. Àlọ́ o!

“Àlọ̀ ò!”

Ẹ ṣeun. Àlọ́ mi gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó fo kòtò omi, kò já sí i, ó bá Pẹ́pẹ́yẹ lórí ẹyin, ó sì gbá Òkété mú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Ní ìgbà kan rí, Pẹ́pẹ́yẹ kan wà ní ìlú àwọn ẹranko. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Ní ọdún tó ṣáájú ọdún tí mò ń sọ yìí, ó sàba, ẹyin rẹ̀ márùn-ún pa ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́. Odò gbẹ. Ewé gbẹ. Kòkòrò wọ ilẹ̀ lọ. Kò sí ewé tútù kan tí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ lè já jẹ. Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, ọmọ márààrún ti kú tán. Ó dun Pẹ́pẹ́yẹ dé egungun. Oṣù méjì gbáko ni kò fi bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí òjò tún dé, ó gbéra, ó lọ bá Akàn. Akàn ni àgbà oníṣẹ́ omi ní gbogbo agbègbè wọn. Kò sí ọ̀nà tí omi ń gbà rìn tí kò yé e.

Pẹ́pẹ́yẹ kúnlẹ̀. Ó ní, “Baba Akàn, ẹ gbà mí. N kò fẹ́ kí ọyẹ́ tún bá mi lọ́wọ́ òfo.”

Akàn wò ó títí. Ó ní, “Dìde. Lọ wá ọkọ́. Ilẹ̀ là ń lọ gbẹ́.”

Wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá kan sí ẹ̀yìnkùlé Pẹ́pẹ́yẹ. Wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ẹ nínú kí omi má bàa jò lọ. Wọ́n pọn omi kún un, wọ́n kó ogójì ẹja ẹpìyà sí i. Lẹ́yìn náà ni Akàn gbẹ́ igi ńlá kan ní ọpọ́n, ó gbé e ka orí òpó mẹ́rin lẹ́bàá kòtò, ó kó òkúta wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Kò bu erùpẹ̀ kankan sí i o. Orí òkúta yẹn ni wọ́n gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sí.

Bẹ́ẹ̀ ni, Fọlárìn, orí òkúta. Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

Wọn á fi akèrègbè bu omi nínú kòtò, wọn á dà á sórí òkúta. Omi á gba ìdí ẹ̀fọ́ kọjá, á gba inú ọparun kan ro tó, tó, tó padà sínú kòtò. Ìgbẹ́ tí ẹja yà sínú omi ni oúnjẹ ẹ̀fọ́. Ẹ̀fọ́ náà ló sì ń fọ omi mọ́ fún ẹja. Kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí? Ìgbẹ́ ni mo pè, mi ò pe orúkọ bàbá ẹnìkan. Ẹ̀fọ́ yẹn dúdú, ó fẹ̀, ó ń dán. Gbogbo ìlú ń wá wò ó.

Kò pẹ́, ọyẹ́ dé. Ọjọ́ tí ọyẹ́ kọ́kọ́ fẹ́ gan-an ni Pẹ́pẹ́yẹ yé ẹyin keje, ó sì sàba lé wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá sàba kì í rìn kiri. Bó bá dìde pẹ́ nínú òtútù, ọmọ inú ẹyin á kú. Ta ni yóò wá máa tọ́jú kòtò?

Òkété tó ń gbé ihò ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ yọjú. “Màmá, èmi wà níbí, ẹ sì ń ronú? Ẹ jókòó jẹ́jẹ́ sórí ẹyin yín. Iṣẹ́ ọmọ ni.”

Inú Pẹ́pẹ́yẹ dùn. Ó súre fún un títí ó fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́nu.

Akàn ń lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀ létí ọ̀sà. Kó tó lọ, ó pe Òkété sẹ́bàá kòtò. Ó ní, “Gbọ́ mi dáadáa. Ní ìrọ̀lẹ́, fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòtò yìí, kí òtútù má wọ inú omi. Má da omi sórí òkúta àfi bí oòrùn bá ti gòkè. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Oúnjẹ kì í dà nínú ẹja tí òtútù ń mú. Ẹ̀kúnwọ́ kan ni kí o fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, lọ́sàn-án, bí wọ́n bá yọ ẹnu sókè. Èyí tí wọn kò bá jẹ á jẹrà. Omi á bàjẹ́, wọn á kú. Jíṣẹ́ yìí fún Pẹ́pẹ́yẹ bí mo ṣe sọ ọ́.”

Òkété ní, “Ó yé mi, Baba.”

Ó sì yé e lóòótọ́. Ó kàn jẹ́ pé bó ṣe wọlé lọ jíṣẹ́ fún Pẹ́pẹ́yẹ ni ojú rẹ̀ bà lé agbọ̀n méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́. Èérí àgbàdo tí wọ́n sẹ́ kúrò lára ògì àti ikán gbígbẹ ló kún inú wọn, oúnjẹ ẹja títí òjò yóò fi dé. Òórùn rẹ̀ gba imú Òkété wọlé, ó sì jókòó sínú ọkàn rẹ̀.

“Kí ni Baba Akàn wí?” Pẹ́pẹ́yẹ bi í.

“Wọ́n ní ká máa fi ewé bo omi nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní ká máa dúró de oòrùn kí a tó da omi sórí òkúta.” Òkété wo agbọ̀n, ó gbé itọ́ mì. “Wọ́n tún ní ebi òtútù máa ń pa ẹja púpọ̀. Igbá mẹ́ta lóòjọ́.”

“Igbá mẹ́ta! Igbá kan ni mò ń fún wọn tẹ́lẹ̀.”

“Màmá, ẹni tí òtútù ń mú, ṣé kì í jẹun ni?”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Pẹ́pẹ́yẹ lára. Bí òtútù bá ń mú ọmọ rẹ̀, oúnjẹ ni ìyá ń kọ́kọ́ wá. Kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó wọn igbá mẹ́ta fún Òkété.

Láti ọjọ́ yẹn, àràárọ̀ ni Òkété ń gba oúnjẹ, á dúró sẹ́bàá kòtò, á sì gbóhùn sókè kí Pẹ́pẹ́yẹ lè gbọ́ ọ láti orí ẹyin. Ẹ bá mi gbè é, ẹ ní “Tẹ̀rẹ̀ ń tẹ̀.”

Ẹpìyà, ẹpìyà, ẹ bọ́ síta o,
Tẹ̀rẹ̀ ń tẹ̀.
Òtútù ń mú, oúnjẹ ti dé o,
Tẹ̀rẹ̀ ń tẹ̀.
Ìyá yín ló ní n gbé e wá o,
Tẹ̀rẹ̀ ń tẹ̀.
Ẹ jẹ, ẹ yó, ẹ má ṣẹ́kù o,
Tẹ̀rẹ̀ ń tẹ̀.

Bó bá ti kọrin tán, á rọ oúnjẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, á rọ ọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú pọ̀m̀pọ̀, á sì kó o wọ ihò lọ. Àwọn ẹja ńkọ́? Wọ́n wà nísàlẹ̀ omi, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́. Oúnjẹ kò tilẹ̀ sí lọ́kàn wọn.

N kò ní purọ́ mọ́ Òkété. Ó ń bo kòtò nírọ̀lẹ́. Ó ń pọn omi bí oòrùn bá gòkè, ẹ̀fọ́ kò sì gbẹ. Ọ̀lẹ kọ́ ni. Olè ni.

Agbọ̀n kìíní tán. Ihò Òkété kún dé ẹnu, àyè ibi tí yóò sùn gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Ó yẹ kó dúró níbẹ̀, àbí? Kò dúró. Ó wọlé lọ bá Pẹ́pẹ́yẹ, ó fajú ro.

“Màmá, ebi ṣì ń pa wọ́n o. Láàárọ̀ yìí, ọ̀kan fẹ́ gé mi níka jẹ. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di igbá márùn-ún.”

Àwọn ọmọ rẹ̀ márùn-ún ọdún tó kọjá ni Pẹ́pẹ́yẹ ń rò. Ó rántí bí wọ́n ṣe ń la ẹnu tí kò rí nǹkan fi sí i. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, tí oòrùn mú díẹ̀, ó tu ìyẹ́ àyà rẹ̀, ó fi bo ẹyin méjèèje. Ó fi ẹnu wọ́ agbọ̀n kejì jáde, gbirigbiri, títí dé ẹ̀yìnkùlé, ó sì dojú rẹ̀ dé sínú kòtò. Gbogbo rẹ̀. Kò ṣẹ́ kóró kan kù.

“Ẹ jẹ o, ẹ̀yin ọmọ mi! Ẹ jẹ àjẹyó!”

Ẹja kankan kò mira. Èérí léfòó, ikán léfòó, àwọn kan ti ń rì lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀rù ba Pẹ́pẹ́yẹ. Ó pariwo pe Òkété.

Òkété sáré dé. Ó rí oúnjẹ lójú omi, orí rẹ̀ wú.

“Bá mi pè wọ́n,” Pẹ́pẹ́yẹ wí. “Orin tí o máa ń kọ fún wọn, kọ ọ́.”

Òkété kọrin. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Omi dákẹ́ rọ́rọ́.

“Wọ́n… wọ́n ń tijú yín ni, Màmá.”

“Ẹja tí mo tọ́ láti kékeré ń tijú mi?”

“Bóyá wọ́n ń sun oorun ọ̀sán.”

“Òkété!”

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Akàn fi dé láti etí ọ̀sà, ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ kọjú sí i láti kí i. Òkété rí i pé kò sẹ́ni tó ń wo òun. Ẹ gbọ́ mi, ikú rẹ̀ ń bọ̀, kò lè mú ojú kúrò lára ikán tó wà létí omi. Ó bu ú sẹ́nu, ó tún bù ú.

Akàn rí kòtò, ó ju ẹrù sílẹ̀. “Ta ló da oúnjẹ sómi nínú ọyẹ́?”

“Èmi ni, Baba. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká máa fún wọn ní igbá mẹ́ta lóòjọ́?”

“Èmi? Ẹ̀kúnwọ́ kan, ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ni mo wí! Òkété, kí ni mo sọ fún ọ?”

Òkété ní, “Mm.”

“Kí ni mo ní kí o sọ?”

“Mm-mm.”

“La ẹnu.”

Òkété la ẹnu. Èérí àti ikán ya jáde wùù sí ẹsẹ̀ Akàn.

Pẹ́pẹ́yẹ kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ìwọ tí mo súre fún,” ó ní. “Àwọn ọmọ mi kò tíì jáde nínú ẹyin, o ti jẹ oúnjẹ ẹnu wọn.” Òkété wo ilẹ̀. Ojú tì í, ó dùn ún, ó sì wù ú kí ilẹ̀ lanu.

Akàn sọ fún Pẹ́pẹ́yẹ pé, “Sunkún tó bá yá. Bí oúnjẹ yìí bá sùn sínú omi, gbogbo ẹja á kú, ẹ̀fọ́ á tẹ̀ lé wọn. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde kí oòrùn tó wọ̀.” Ó ki ọwọ́ bọ omi, oúnjẹ tó ti rọ̀ ń yọ́ bọ́ láàárín èékánná rẹ̀. Ó gbìyànjú igbá, igbá ń tì í lọ síwájú. Ó yíjú sí Òkété. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí o fi ń jí i kó ni wàá fi kó o jáde. Wọ inú omi.”

“Baba, omi yìí tutù!”

“Ẹja kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọlé.” Ó wo Pẹ́pẹ́yẹ. “Ìwọ, padà sórí ẹyin rẹ, ó ti ń tutù.”

“N kò ní rí ohun tí ẹ ń ṣe.”

“Màá máa kà á sí ọ létí.”

Pẹ́pẹ́yẹ sáré padà. Ó fi àyà kan ẹyin, ó bá wọn tí wọ́n ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Láti ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ Akàn: “Ọ̀kan! Èjì! Ẹ̀ta!” Òkété rì, ó kún ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó jáde, ó tú u sí ìdí ìbẹ́pẹ, ó padà. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Akàn náà ń bu omi sórí òkúta láìdúró, kí ẹ̀fọ́ lè bá wọn fọ̀ ọ́. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Pẹ́pẹ́yẹ gbọ́ “Ogójì ó lé mẹ́ta!” Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ń bo kòtò.

Láti ọ̀sán ni ìrù Òkété ti ń bá a wọ omi tútù. Nígbà tó fà á yọ kẹ́yìn, òtútù ti gba dúdú kúrò ní ìdajì rẹ̀. Ẹ wo ìrù òkété lọ́la bí ọdẹ bá gbé e kọjá. Ìdajì dúdú, ìdajì funfun, títí dòní.

Ilẹ̀ mọ́, Akàn ṣí ewé. Ẹja méjì kú. Méjìdínlógójì wà láàyè, wọ́n rọra ń mi lẹ́bẹ́ nísàlẹ̀. Akàn kígbe sí Pẹ́pẹ́yẹ. Pẹ́pẹ́yẹ rẹ́rìn-ín lórí ẹyin rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ gbọọrọ.

Òkété kó gbogbo ohun tó wà nínú ihò rẹ̀ padà, àràárọ̀, ọjọ́ mẹ́fà. Ìgbàkigbà tó bá kọjá ní ẹnu ọ̀nà Pẹ́pẹ́yẹ, á dúró, á la ẹnu gbàgà, Pẹ́pẹ́yẹ á yọjú wò ó, á ní, “Kọjá.” Kò lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó mọ kòtò bò bíi tirẹ̀.

Ẹyin mẹ́fà nínú méje ló pa. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá wọn kó wọn lọ sẹ́yìnkùlé. Nínú ọyẹ́ yẹn, tí gbogbo ìlú pọ́n fún eruku, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ń kán omi. Ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà na ọrùn, wọ́n já a jẹ. Kò sí èyí tó kú.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá ní ojúkòkòrò, ọjọ́ kan ni ẹnu ara rẹ̀ á tú u fó. Èyí jẹ́ ti Òkété. Ti Pẹ́pẹ́yẹ rèé, òun ló sì mú mi pè yín jọ lálẹ́ yìí: bí ẹ bá fẹ́ ṣìkẹ́ ẹnìkan, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tí ẹ gbé dání ló ń fẹ́.

Nítorí mo rí ẹ̀bà nínú kòtò ẹja mi láàárọ̀ yìí. Odindi òkèlè mẹ́rin. Mo ti kó o jáde, kò sí èyí tó kú. Ládùnńní, má sunkún, wá jókòó síbí. Òtútù tó ń mú wọn ló ṣe ọ́ láàánú, mo mọ̀. Lọ́la, bí oòrùn bá ti gun òrùlé, èmi àti ìwọ á jọ dúró níbẹ̀, a ò ní sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá yọ ẹnu, ìwọ ni wàá fún wọn. Ẹ̀kúnwọ́ kan. Ọwọ́ tìrẹ, kì í ṣe tèmi.