Páálí Ìyá Mopélọ́lá ní Pápákọ̀ Òfurufú
Rísíkátù tó ń gbálẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú ló kọ́kọ́ ta Ìyá Mopélọ́lá, opó tó ń ta ìrẹsì, lólobó pé wọn kì í tú ẹrù aṣòfin, àfi bí ẹlòmíì bá fi ẹrù rán an. Bẹ́ẹ̀ Ọnárébù Adégoróyè jẹ ẹ́ lówó ogún àpò ìrẹsì tó fi tọrọ ìbò, wọn kì í sì í jẹ́ kó dé géètì rẹ̀. Ló bá di páálí kan, ó lọ ká a mọ́ iwájú ẹ̀ṣọ́: "Ọnárébù, ẹrù tẹ́ ẹ ní ẹ máa bá mi gbé dé Àbújá rèé o!" Ẹ̀ṣọ́ ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, ó di ká tú gbogbo ẹrù yín." Ọnárébù fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. "Ìyá yìí, ṣé orí yín pé ṣá?" Ìyá sọ sí i létí: "Ẹ san owó mi, màá ní ẹlòmíì ni mo fi yín pè." Ọnárébù rọra ki ọwọ́ bọ báàgì láì ṣí i tán, ó ka owó ogún àpò lé e lọ́wọ́, kò dín kọ́bọ̀.